Wàhálà Tí Olùkọ́ Ń Fẹ́

Alámáàpù ni gbogbo títì wa ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì bí orúkọ náà. Ó ti wà ní ọ́fíìsì ètò ìlú ní káńsù láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ. Òun ló máa ń ya àwòrán ilẹ̀ fún wọn: ibi tí títì gbà, ibi tí gọ́tà gbà, ilé tó wà lápá ọ̀tún, ilé tó wà lápá òsì. Bí ẹ bá rí i níbi tó ti doríkodò lórí tábìlì, tó fi pẹ́ńsùlù há etí, ẹ máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà wù ú. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni pé àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di rúlà mú ni wọ́n ń kó wá ṣe ọ̀gá lé e lórí.

Mi ò ní fi pa mọ́. Bí ọ̀gá tuntun bá dé, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa ní kó mú un káàkiri, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán, kó fi ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà hàn án. Bí onítọ̀hún bá ti mọ̀nà tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọn. Èyí tó dé kẹ́yìn kéré lọ́jọ́ orí sí èmi gan-an tí mo jẹ́ àbúrò. Ọ̀gá Kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é nílé wa. Ó ti gba oyè másítàsì, ìyẹn náà ló sì fi di ọ̀gá. Lọ́jọ́ kan ó mú àlejò wọ ọ́fíìsì, ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké wa nìyẹn." Lójú ẹ̀gbọ́n mi, ì bá sàn kó gbá a létí.

Láti ibi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá wa ló gbà lọ lọ́jọ́ náà. Kò jókòó, kò bọ́ bàtà.

"Màámi, èmi náà máa lọ gba másítàsì."

Ìyá wa ń ránṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ta ló dí ẹ lọ́wọ́?"

"Ìdàgbàsókè àgbáyé àti ètò ìlú ni mo fẹ́ kà."

"Àgbáyé ńlá yìí? Gbogbo ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa. Àbọ̀ ẹ̀kọ́ náà nílé ni, àbọ̀ rẹ̀ nílé ìwé. Orí kọ̀ǹpútà ni olùkọ́ ti máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n á máa rí ojú ara wọn bí ẹni yọjú lójú fèrèsé. Bí sáà bá ń parí lọ, wọ́n á pè wọ́n jọ sí yunifásítì fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á jókòó sí kíláàsì gidi, kálukú á sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún tú ká. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè kàwé láì fi iṣẹ́ káńsù sílẹ̀ nìyẹn. Ìyá wa fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí: "Àbọ̀ nílé, àbọ̀ nílé ìwé. Ìwé ẹ̀rí náà ńkọ́, ṣé wọ́n á gé e sí méjì ni?"

Ilé ìyá wa ló wá di ilé ìwé. Ní ilé tí káńsù fún àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Ọkọ rẹ̀ ò dí i lọ́wọ́ o, tẹlifíṣọ̀n ọkọ rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Ní tiwa, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn títì gan-an, kọ̀ǹpútà ń já geere. Èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyá wa. Irun ni mò ń dì, yàrá iwájú ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ìyá wa ń ránṣọ ní yàrá tó tẹ̀ lé e. Bàbá wa ló kọ́ ilé náà kó tó kú. Ìsàlẹ̀ títì ló wà, odò kékeré kan sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ilé náà ò sí mọ́ báyìí. Bó ṣe lọ ni mo jókòó láti sọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dé. Ìyá wa á palẹ̀ aṣọ mọ́ kúrò lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ẹ̀gbọ́n mi á gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀, á tún gèlè rẹ̀ wé kí ojú rẹ̀ lè bójú mu níwájú olùkọ́. Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ húkọ́ nínú ilé. Bàbá Wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí wa, máa ń lọ irin, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè jí òkú. Nígbà àkọ́kọ́ tí ariwo náà wọ kíláàsì, olùkọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bóyá pápákọ̀ òfurufú ló ń gbé. Ìyá wa lọ bá Bàbá Wẹ́dà sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé báàgì kọ̀ǹpútà bọ̀, á pa ẹ̀rọ rẹ̀, á jókòó láìṣiṣẹ́, á máa wo àwọn irin tí kò tíì parí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á bínú lọ. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Irin ò sá lọ."

Nọ́ọ̀sì Àgbà náà, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lókè títì, máa ń rìn sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè pé, "Ibo lẹ kà á dé?" bí ẹni pé òun náà wà ní kíláàsì. Àwọn ọmọ títì, bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé e lọ sí òkè. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ wọn ni. Wọ́n ń fi í yangàn.

Ó ṣe, olùkọ́ wọn, obìnrin kan tó jẹ́ pé orí ni gíláàsì rẹ̀ máa ń wà dípò ojú, gbé iṣẹ́ ńlá kalẹ̀. Kí kálukú yan àdúgbò kan, kó lọ bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kó bi wọ́n léèrè nípa ayé wọn, kó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kó wá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe lè mú ìdàgbàsókè dé ibẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló máa pinnu ẹni tó máa yege. Ẹ̀gbọ́n mi ò ronú jìnnà. Ó yan títì wa.

Ó gbé fóònù, ó ń wọ ilé dé ilé. "Ẹ kú ilé o. Báwo ni omi òjò ṣe ń ṣe yín sí?" Wọ́n á dáhùn pé, "A dúpẹ́, kò burú." "Ìlera àwọn ọmọ ńkọ́?" "Ọlọ́run ń ṣọ́ wa." "Kí ni wàhálà tó pọ̀ jù níbí?" "Ha, wàhálà wo? Ṣé àwọn ará ilé ẹ wà dáadáa?" Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n wí? Ọmọ tí o gbé jó, tó wá kí ọ, ṣé o máa jókòó kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro sí i létí? Kò sì burú lóòótọ́. Bí òjò bá pọ̀ gan-an, odò ẹ̀yìnkùlé máa ń kún, á wọ àgbàlá àwa tí a wà nísàlẹ̀, kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. A ó gbá a jáde, a ó nu ilẹ̀, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó fi ránṣẹ́. Olùkọ́ dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi tú èsì náà sí Yorùbá fún wa nínú yàrá ìránṣọ: "Ẹni tó bá ka iṣẹ́ yìí á rò pé ọ̀run ni àwọn èèyàn yìí ń gbé. Níbo ni ìṣòro wà? Àwọn tí ìyà ń jẹ máa ń fi í pa mọ́ fún àlejò. Padà lọ, kí o wá a jáde. Bí kò bá sí, o ò lè tẹ̀ síwájú." Bó ṣe kà á tán, ó gbé orí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún. Ó ní Ọ̀gá Kékeré ti ń bi òun ní ọ́fíìsì pé, ṣé òun ò tíì já kúrò nílé ìwé ni.

Ìyá wa dúró, ó ń wò ó.

"Wàhálà ni olùkọ́ ẹ ń fẹ́?"

"Ìṣòro ni, Màámi. Ìṣòro àdúgbò."

"Ìyẹn náà lo fi ń sunkún? Kí ló dé tí o ò ti sọ fún mi?"

Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó wé gèlè, ó jáde. Ojúlé dé ojúlé ló lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Wẹ́dà: "Ẹ dákun, ọmọ yín ni. Wàhálà ni wọ́n ní kó máa béèrè, àwa sì ń sọ fún ọmọ pé kò burú, kò burú. Ẹni tó bá ní kékeré, kó sọ ọ́ di ńlá. Máàkì ni wọ́n máa fi fún un."

Bàbá Wẹ́dà ní, "Ìyá Alámáàpù, ẹ ò ṣe tètè wí? Tó bá jẹ́ wàhálà ni, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi gbé àga síwájú ilé wa, wọ́n sì ń wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa yòókù pé wọn ká bí ẹni ń wòran. Bàbá Wẹ́dà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Omi kẹ̀? Ó dé àyà mi níbí! Ẹja ni mo fi ọwọ́ mi méjèèjì mú nínú ṣọ́ọ̀bù." Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kò sí ọmọ kan ní títì náà tí ikọ́ ò tíì sọ di egungun, àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sì ń lọgun lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bí ẹ̀rín bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á tẹ fóònù rẹ̀, á dá a dúró. Á dúró kí a rẹ́rìn-ín tán, òun náà á rẹ́rìn-ín, á nu ojú, á tún tẹ̀ ẹ́. "Ẹ máa bá a lọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Ìyá wa ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó fa ojú ro, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mi, bí òjò bá ti ṣú, orí tábìlì ìgéṣọ ni mo máa ń sùn. Mi ò mọ ọjọ́ tí omi máa gbé mi lọ. Bí ẹnì kan bá lè kó wa kúrò níbí, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde." Bó ṣe parí ẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi sì pa fóònù, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́, olùkọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. "Ohun tí mo ń wí gan-an nìyí," ló kọ padà. Nígbà tí wọ́n pé jọ sí yunifásítì, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n yàn láàárín gbogbo wọn pé kó sọ̀rọ̀ lé lórí níwájú àlejò. Àwọn àlejò náà wá láti àjọ kan lókè òkun tó ń náwó sórí ìdàgbàsókè. Káńsù rán Ọ̀gá Kékeré lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí òun sọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n sì gbọ́ ohùn tí òun gbà sílẹ̀, Ọ̀gá Kékeré dìde níbi tó jókòó sí, ó wá bọ òun lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọmọ ọ́fíìsì wa nìyí o." Bó ṣe ń sọ ọ́ fún wa, ojú rẹ̀ ń dán. Mi ò rí inú rẹ̀ kó dùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá. Títì wa gbọ́, a yọ̀. Bàbá Wẹ́dà ń lu àyà káàkiri, ó ń sọ fún oníbàárà pé, "Àyà yìí ló gba máàkì yẹn."

Kò pẹ́, wọ́n gbé Ọ̀gá Kékeré lọ sí ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní káńsù. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa di ipò tó fi sílẹ̀ mú, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá ti jáde, tirẹ̀ ni pátápátá. Ìyá wa rán aṣọ tuntun fún un tó máa wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Ó rán ìgbátí rẹ̀ lọ́wọ́, kò fi ẹ̀rọ rán an.

Àsìkò yẹn ni àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Mò ń dirun fún oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ọ̀kan nínú wọn tó fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà méjì gbúrúgbúrú tó dábùú ara wọn sí ara ògiri wa. Mo jáde pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n máa wó o ni."

"Wó kí ni? Ta ló ní kí wọ́n wó o?"

Kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní ẹ fẹ́ kúrò? Ohùn yín wà lọ́wọ́ wọn. Omi tó ń dé àyà èèyàn, ṣé ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa gbé?"

Mo fi oníbàárà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì orí, mo gba káńsù lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó mú mi wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Àjọ òkè òkun náà ti gbé owó fún káńsù láti kó àwọn tó wà nínú ewu omi lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn ìlú, kí wọ́n fẹ odò náà, kí wọ́n sì la títì ńlá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ti ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún wa.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé omi ò dé àyà ẹnikẹ́ni rí?"

Ó ń to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

"Mo ní, ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Mi ò lè sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo fi irọ́ ṣe iṣẹ́ náà ni. Ìwé ẹ̀rí ò tíì jáde. Wọ́n á lé mi, gbogbo ẹ̀ á wọmi. Àmọ́ ìpàdé máa wà kí wọ́n tó wó ohunkóhun. Òfin ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀yin ẹ wá, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lọ."

"Àwa ni ká wá sọ ọ́."

"Bó bá ti ẹnu yín jáde, ó yàtọ̀."

Mo wò ó nínú aṣọ tí ìyá wa rán fún un, mo yíjú padà, mo lọ. Ṣùgbọ́n ìpàdé náà nìkan ló kù, nítorí náà gbogbo títì ló gbára lé e. Bí wọ́n bá gbà wá gbọ́ níbẹ̀, ilé dúró. Bí wọn ò bá gbà wá gbọ́, ó tán.

Gbọ̀ngàn káńsù ni wọ́n ti ṣe é, àga oníke nílẹ̀, àga aláwọ lókè. Ẹ̀gbọ́n mi wà lókè pẹ̀lú wọn, ó ń wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ló ń darí ìpàdé. Obìnrin kan láti àjọ tó gbówó kalẹ̀ jókòó tì í, ẹnì kan sì ń túmọ̀ fún un. Bàbá Wẹ́dà ló bá wa sọ̀rọ̀, ó wọ aṣọ tó dáa jù tó ní. Ó ní omi ò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rí, a kò sì béèrè ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ dáadáa, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí èèyàn tó máa ń pariwo ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá Kékeré mi orí. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹ sọ tẹ́lẹ̀ náà." Ó ṣẹ́jú sí ẹnì kan, ohùn Bàbá Wẹ́dà sì bú jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: omi dé àyà mi níbí. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn Nọ́ọ̀sì Àgbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ti ìyá wa. Kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹ̀rín wa, ẹ̀gbọ́n mi ti gé e kúrò. Ohun tó kù dún bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kú lọ: "Bí ẹnì kan bá lè kó wa kúrò níbí, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde." Obìnrin àjọ náà yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú.

Ìyá wa dìde.

"Ohùn mi ni. Irọ́ ni mo pa."

Obìnrin àjọ náà yíjú sí ẹni tó ń túmọ̀ fún un.

"Irọ́ kẹ̀, Màmá?" Ọ̀gá Kékeré bi í. "Kí ló dé?"

"Kí ọmọ mi lè yege ni. Èmi ni mo tún lọ bẹ àwọn yòókù. Kò sí omi tó dé àyà ẹnì kankan."

Ọ̀gá Kékeré kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Màmá, a bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí wúwo o. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí màdáámù wa ṣe, irọ́ ni. A gbọ́dọ̀ fi tó yunifásítì létí lónìí, ká sì gba ipò náà lọ́wọ́ wọn. Ètò yìí á dúró, ẹ̀yin ẹ máa gbé ilé yín lọ. Ṣé ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?" Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ ṣèwádìí. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Mo rí i tó di etí tábìlì mú. Gbogbo títì ló ń wò ó, àwọn tó pa ẹ̀rọ nítorí rẹ̀, àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè nítorí rẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, sọ ọ́. Sọ ọ́, jàre.

"Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ," ló wí, ó sì jókòó.

Kì í ṣe irọ́. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ nìyẹn. Èèyàn ò lè nawọ́ sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kó ní irọ́ ni.

Ìyá wa ṣì wà lórí ìdúró. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí tó bá ń bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tó fi máa ń wò wá nígbà tí a wà ní kékeré ni, tí ara wa bá gbóná, tó bá ń wá ohun tó máa ṣe. Mo fa aṣọ rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ orí ti ń dé ni, mo ti ń gbàgbé nǹkan. Omi máa ń wọlé."

"Ó ń dé ibo, Màmá?"

"Ó ń dé àyà."

Ó jókòó. Bàbá Wẹ́dà gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí itan, ó dìde, ó kọjá níwájú wa láìwo ìyá wa, ó jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Wọ́n wó o lóòótọ́. Katakata bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tiwa ló sì kọ́kọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó dágbére fún wa. Nínú ilé tuntun tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ lẹ́yìn ìlú, wọ́n ní kò sí ààyè fún ẹni tó ń lọ irin, Bàbá Wẹ́dà sì ń gba iṣẹ́ ọjọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn báyìí. Nọ́ọ̀sì Àgbà lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ìyá wa ò gbà láti bá wọn lọ sí ilé tuntun náà, ó ní ojú ń ti òun. Mo gba yàrá kan fún àwa méjèèjì. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, àwọn oníbàárà rẹ̀ ò mọ ibi tó wà, èmi náà sì ń dirun kiri ilé àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wá pé ká wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo ní mi ò lọ. Ìyá wa kàn ní, "Ọkọ ẹ ń wo tẹlifíṣọ̀n," ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní ìwé ẹ̀rí náà, ó wá bá wa. Ó ti rù. Kò sí àga nínú yàrá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń ká àwọn nǹkan irun mi. Mo ti pinnu pé mi ò ní bá a sọ̀rọ̀.

"Màámi, mo fẹ́ lọ sí yunifásítì. Mo fẹ́ lọ sọ bó ṣe rí fún wọn."

Ọwọ́ mi dúró. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó tó gẹ́ẹ́, ó ti yá.

Ìyá wa ń wá ojú abẹ́rẹ́ tó fẹ́ fi òwú bọ̀. "Kí wọ́n wá ṣe kí ni?"

"Kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí náà padà. Mi ò lè máa wò ó."

"Ṣé wọ́n á dá ilé padà?"

"Rárá, Màámi."

"Bàbá Wẹ́dà ńkọ́, ṣé wọ́n á dá ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ padà fún un?"

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ sọ pé kó jẹ́ kó lọ, kó lọ sọ ọ́, bí kò bá tilẹ̀ dá nǹkan kan padà. Ìyá wa ò jẹ́ kí n ráyè. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, kò fi agbára dì í mú.

"Wò ó, ọmọ mi. Ilé bàbá yín ti lọ. Àwọn èèyàn mi ò kí mi mọ́. Ìwé yẹn nìkan ló kù tí a rí gbà níbẹ̀. Tó o bá tún lọ dá a padà, kí la wá fi gbogbo ẹ̀ ṣe?"

Ó ń dúró de èsì. Ó ń wo èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ̀ọ̀kan.